Okùn Agolo Tí Wọ́n Gé sí Márùn-ún

Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i. Ẹnì kankan kò ròyìn rẹ̀ fún mi. Mo tètè sọ èyí nítorí pé oríṣiríṣi ni wọ́n ń sọ káàkiri Adó, àwọn tí kò sì débẹ̀ ni ẹnu wọn ń dún jù. Mo wọ mọ́tò ní Fájuyì lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó jókòó síwájú ń sọ fún dẹ́rẹ́bà pé ọ̀dá ló pa ìrẹsì àwọn ọmọ ilé ìwé yẹn. Ọ̀dá wo? Èmi wà níbẹ̀. Orí àkàbà ni mo wà, mo ń jó irin mọ́ fèrèsé kíláàsì wọn, ẹni tó bá sì wà lórí àkàbà máa ń rí ohun tí ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì kò lè rí, bó tilẹ̀ wọ awò ojú mẹ́ta léra.

Wẹ́dà ni mí. N kò ní fi ìrẹ̀lẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀: láti Fájuyì títí dé ọ̀nà Ìgèdè, bí ẹ bá rí géètì tó ṣí tí kò ké, tó pa dé tí kò wọ́ nílẹ̀, ọwọ́ mi ni, tàbí ọwọ́ ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Kíláàsì kẹrin ni mo ti kúrò ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń kà yìí, èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́, ẹnì kankan kò bá mi kọ ọ́, ẹ sì wo bó ṣe ń lọ geere.

Nígbà tiwa, ẹni tó bá yọjú wo ìwé ẹnìkejì rẹ̀, olè ni. Tíṣà wa a máa fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí bẹ́ǹṣì láàárín èmi àti ọmọkùnrin tí a jọ jókòó. Ìgbọ̀nwọ́ tó bá ré ìlà yẹn kọjá, pàṣán ni yóò sìn ín padà. Ọmọkùnrin yẹn mọ ìṣirò bí ẹni tí wọ́n bí i mọ́, ṣùgbọ́n bó bá ya ewúrẹ́, a kì í mọ̀ bóyá àga ni. Èmi ní tèmi, bí mo bá ya ewúrẹ́, ó kù kó ké ni. Odindi ọdún la fi jókòó pọ̀, òun kò fún mi ní ìṣirò, èmi kò fún un ní ewúrẹ́. Àwa méjèèjì gba òdo, kálukú gba tirẹ̀. Ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́ ni mo ti wá mọ ìdajì àti ìdámẹ́rin, nígbà tí àwa mẹ́ta tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ tẹ́ irin kan sílẹ̀ láàárín ara wa, tí a sì jiyàn lórí rẹ̀ títí ó fi yé ẹni tí kò yé. Géètì ńlá kò ṣeé dá gbé. Ẹni tó bá ní òun dá a gbé rí, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, á ti tẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún mi pé kí ọmọ jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ ní ilé ìwé kò dára, ara mi kì í gbà á. Ó sì jẹ́ pé àwọn tó kàwé ni wọ́n ń sọ ọ́.

Àbígbẹ̀yìn mi lọ̀rọ̀ kàn. Ọmọbìnrin ni. Nílé, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ọwọ́ rẹ̀ sì já fáfá. Ṣùgbọ́n bí tíṣà bá ní kó dìde kó kàwé sókè, á ká kò bí ìgbín tí wọ́n fi iyọ̀ kàn. Wọ́n ti dá a dúró sí kíláàsì kan lẹ́ẹ̀kan rí nítorí èyí, ó sì ti ga ju gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń kàwé lọ. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé bí wọ́n bá tún dá òun dúró, òun kò ní padà síbẹ̀ mọ́, òun á lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Iṣẹ́ aránṣọ kì í ṣe iṣẹ́ burúkú. Ṣùgbọ́n èmi tí mo fi kíláàsì kẹrin sílẹ̀ ti búra pé kò sí ọmọ mi kan tí yóò tọ ipasẹ̀ mi níbẹ̀ yẹn. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kàwé jáde. Òun nìkan ló kù.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí tíṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ tuntun dé. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni, ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹni tí èdè Èkìtì wa máa ń pa lẹ́rìn-ín. Ó pín kíláàsì sí ẹgbẹ́ẹgbẹ́, ọmọ márùn-ún nínú ẹgbẹ́ kan. Àwọn kan gba adìyẹ, àwọn kan gba ẹ̀fọ́. Ẹgbẹ́ ọmọ mi gba ìrẹsì, nínú àkùrọ̀ tó wà lẹ́yìn kíláàsì wọn, irú èyí tí wọ́n ń gbìn ní ìlú Igbemo. Bí ìrẹsì náà bá gbó, àwọn márààrún yóò dúró pọ̀ níwájú gbogbo ilé ìwé, kálukú yóò ka apá kan nínú bí wọ́n ṣe ṣe é, máàkì kan náà ni gbogbo wọn yóò sì gbà. Èyí tó kàn mí jù nìyí: tíṣà náà ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà pé bí ọmọ mi bá lè ka apá tirẹ̀ sókè lọ́jọ́ yẹn, wọn kò ní dá a dúró.

Mo wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ìgbà díẹ̀, mo bá tíṣà náà lábẹ́ igi máńgòrò.

Mo ní, "Tíṣà, àáró nìyí. Lónìí a ro tèmi, lọ́la a ro tìrẹ, kò sẹ́ni tí oko rẹ̀ di igbó."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àáró náà ni, Bàbá. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá ilé ìwé gbọ́, kí wọ́n má baà ní mo sọ ọmọ ọlọ́mọ di alágbàro."

Ọmọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ náà tí orí rẹ̀ pé ju gbogbo kíláàsì lọ. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríátì, òun náà sì ni alága ẹgbẹ́ òbí. Ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà di ọkọ́ mú bí ẹni tó fẹ́ fi í kọ̀wé. Ọmọ mi wò ó títí.

"Bọ̀ọ̀dá Sẹkitéríátì, ọkọ́ ni wọ́n gbé fún ẹ, kì í ṣe fáìlì."

"Mo gbọ́. Ìwọ náà, Ọmọ Wẹ́dà, bá wa ka ohun tó wà lára àpò ajílẹ̀ yẹn, ká mọ ìwọ̀n tá a máa fi sí i."

Láti orí àkàbà ni mo ti rí bí ọmọ mi ṣe ká kò. Mo ti ń wá ibi tí n ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí n lè sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin yẹn kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àpò náà lé itan, ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó ka ìdajì rẹ̀, ó sì dákẹ́, ó ń dúró kí ọmọ mi ka èyí tó kù. Ó pẹ́. Ó dúró dè é. Àwọn mẹ́ta yòókù ń ro ilẹ̀ wọn lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọ mi pe ìdajì kejì. Mo pa ẹ̀rọ mi kí n lè gbọ́ dáadáa. Wọ́n rò pé iná ló lọ.

Kó tó di pé mo parí fèrèsé méjì sí i, ọmọ yẹn ti mọ bí a ṣe ń di ọkọ́ mú, ọmọ mi sì ti ń ka ohunkóhun tó bá rí. Ó ń ka ara ọṣẹ, ó ń ka ara páálí mílíìkì, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn mọ́tò, sókè, létí ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní, "Èwo ni tìrẹ pẹ̀lú ọṣẹ? Fọ aṣọ." Ó ń fọ aṣọ, ó sì ń ka ọṣẹ. Èmi tí mo ti san owó lẹ́sìnnì sí ọwọ́ oríṣiríṣi ènìyàn nítorí ìwé kíkà yìí, àpò ajílẹ̀ àti ọmọ ẹlòmíràn ló bá mi ṣe é.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìrẹsì yọrí, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ní omi funfun nínú. Ẹni tó bá gbin ìrẹsì rí mọ̀ pé àsìkò yẹn ni ẹ̀gà máa ń dé. Ẹ̀gà kì í dá wá, àpapọ̀ ni wọ́n ń wá, ariwo wọn a sì kún ojú ọ̀run. Àwọn ọmọ náà jókòó sílẹ̀, wọ́n bá ara wọn jiyàn. Ọ̀kan ní kí wọ́n wọ ẹ̀wù fún igi. Ọmọ mi ní ẹyẹ Adó ti mọ ìyẹn, pé wọn á bà lé ẹ̀wù náà. Ọmọ alága ló mú àbá okùn wá, ọmọ mi ló mú àbá agolo. Wọ́n ta okùn kan gígùn la àkùrọ̀ náà já, wọ́n so agolo mọ́ ọn jálẹ̀jálẹ̀, agolo tómátò àti ti mílíìkì. Èmi ni mo ṣe òpó irin tí okùn náà gbà kọjá, n kò gba kọ́bọ̀, mo sì fi òrùka sí orí rẹ̀ kí okùn lè máa sáré nínú rẹ̀. Ẹ kò lè rí irú òpó bẹ́ẹ̀ rà lọ́jà.

Ohun tó wá dùn mọ́ mi jù ni pé orí okùn náà gba inú irin fèrèsé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jó wọ inú kíláàsì wọn. Ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú àwọn márùn-ún ló ń fà á. Bí tíṣà kan bá jáde tí òmíràn fẹ́ wọlé, wọ́n á pààrọ̀ ìjókòó. Ẹ̀gà á bà, ẹni tó wà níbẹ̀ á fa okùn lẹ́ẹ̀kan, gbogbo àkùrọ̀ á dún gbàǹgbàlà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, gbogbo ẹyẹ á gbéra. Tíṣà ìṣirò kì í tilẹ̀ wẹ̀yìn mọ́. Ọmọ kan ń fa okùn, ọmọ mẹ́rin ń kàwé, ìrẹsì ń gbó. Kí lèèyàn tún ń wá?

Àwọn òbí ń wá nǹkan míràn. Wọ́n pe ìpàdé òbí àti olùkọ́. Mo fọ ọwọ́ mi, mo lọ.

Alága dìde. "Èmi kò lòdì sí ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ló ń ronú, ọmọ mi ló ń kọ́ àwọn yòókù. Kí ló dé tí máàkì rẹ̀ á fi jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ẹni tí kò mọ̀wé?"

Ìyá kan, tíṣà ni òun náà ní ilé ìwé míràn, gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Tèmi tó ń ru agolo láti ilé ńkọ́? Kò sí agolo tómátò nílé mi mọ́."

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Ọbẹ̀ yín ló ń pọ́n jù, Ìyá." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Èmi náà dìde. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà dára, ẹni tó wà níbẹ̀ kò ní lè sẹ́ ẹ. Mo ní, "Alága, ọmọ yín ń kọ́ tèmi ní ìwé, tèmi ń kọ́ tiyín ní ọkọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ìrẹsì ni ọmọ yín fà tu, koríko ló fi sílẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ́ ẹnìkejì, òun gan-an ni nǹkan náà ń yé jù. Èmi fúnra mi kò mọ iṣẹ́ yìí délẹ̀ àfìgbà tí mo gba ọmọ iṣẹ́. Ẹ bi í léèrè nílé bóyá ìwé tirẹ̀ ti lọ sẹ́yìn."

Alága wò mí. "Ọ̀gá wẹ́dà, a ti gbọ́. Ṣé irin fèrèsé yẹn ti parí?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Bí inú bá ti ń bí mi, Èkìtì ni yóò jáde. Mo ní, "Uṣẹ́ mi kọ́ la pèpàdé lé lórí." Tíṣà ọmọ Ọ̀yọ́ yẹn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá ilé ìwé kò fẹ́ ìjà láyé rẹ̀. Ó ní kí wọ́n pín àkùrọ̀ náà sí márùn-ún, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀, kó gba máàkì tirẹ̀, kó sì dá dúró ka tirẹ̀.

Tíṣà náà ní, "Ẹ dákun, sà, ìrẹsì kì í ṣe mọ́ín-mọ́ín tó wà ní ewé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀."

"Wọ́n á pín in, Àǹtí. Kí kálukú máa jẹ́ orúkọ ara rẹ̀."

Alága fúnra rẹ̀ ló wá pín in. Ó wọ bàtà dídán wọ inú àkùrọ̀. Ó ní kí n yá òun ní tépù tí mo fi ń wọn irin. Ó dì í mú lódì, ó ń ka nọ́ńbà láti òkè wá sílẹ̀. N kò lè fara da ìyẹn. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá wọn wọ̀n ọ́n, nítorí pé bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ ba nǹkan jẹ́, ẹ jẹ́ kó gún. Wọ́n kan èèkàn, wọ́n ta okùn ààlà. Nígbà náà ni ìyá alágolo yẹn ní okùn agolo ńkọ́, ta ni yóò ni ín? Wọ́n wo ara wọn. Alága ní kí wọ́n pín òun náà. Wọ́n fi ọ̀bẹ gé e sí márùn-ún lójú mi, wọ́n ka agolo, wọ́n pín in déédéé, èyí tó ṣẹ́kù wọ́n fi fún ọmọ tó kéré jù kí ìjà má baà wà. Inú gbogbo wọn dùn. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ nínú ẹrẹ̀.

Mo ní, "Èwo nínú márààrún ló máa dé fèrèsé?"

Alága ń wá omi tó máa fi ṣan bàtà.

Kò sí èyí tó dé fèrèsé. Láti ọjọ́ náà, ọmọ tó bá fẹ́ lé ẹyẹ ní láti jáde nínú kíláàsì lọ sórí ilẹ̀ tirẹ̀, tíṣà wo ni yóò sì jẹ́ kí ọmọ máa jáde ní gbogbo ìgbà? Bí wọ́n bá jáde fún ìsinmi, kálukú á sáré lọ mi okùn tirẹ̀. Ẹ̀gà tó gbéra lórí ti ẹnì kan á bà sórí ti ẹnìkejì. Ẹyẹ kò mọ ààlà, alága kò bá wọn ṣèpàdé. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń jẹ gúgúrú nínú ọ̀rá kan bẹ̀rẹ̀ sí bá ara wọn jà.

"Ìwọ lo lé wọn sórí tèmi."

"Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n jẹ tèmi ni?"

Lẹ́yìn náà ni ibà dá ọmọ alága dùbúlẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ wà ní àpapọ̀, ọmọ mẹ́rin á kàn pààrọ̀ ìjókòó ni, ẹyẹ kò ní mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Ní báyìí, ilẹ̀ ọmọ náà wà láìní olùṣọ́, àárín gbùngbùn ló sì bọ́ sí. Ibẹ̀ ni ẹ̀gà fi ṣe ilé. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ sí apá ọ̀tún, tí wọ́n ti ń lọ sí apá òsì.

Ọmọ mi bá mi nílé. "Bàámi, ẹyẹ ti bo tiẹ̀. Ṣé kí n máa bá a mì í?"

Mo ní, "Mì í. Ṣé wọ́n ń tọrọ àyè kí wọ́n tó paná?"

Ó mì í lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá ilé ìwé rí i, ó ní kó kúrò níbẹ̀, pé ó ti gbọ́ ìkìlọ̀ alága pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ti ọmọ òun, kí ẹnì kan má baà wá pín máàkì rẹ̀ níkẹyìn. Mo wà lórí àkàbà. Ọmọ mi fi okùn náà sílẹ̀, ó padà wọ kíláàsì, agolo náà sì ń mì díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ títí ó fi dákẹ́.

Nígbà tí ọjọ́ ìkórè fi máa pé, pòròpórò ló kù nínú àkùrọ̀. Ẹ tẹ orí rẹ̀, fùkẹ̀ ni, kò sí hóró nínú.

Wọ́n ṣì ní kí àwọn ọmọ náà ka tiwọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pe àwọn òbí, mo jókòó síwájú. Ọmọ alága ti dìde àìsàn, ó ti rù, ó ka tirẹ̀ geere. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó kan ọmọ mi. Ó dìde, ó mú ìwé náà dání, ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún àti òsì bí ẹni tó ń wá àwọn tí wọ́n jọ wá. Kò sẹ́nì kan níbẹ̀. Mo rí ọmọ alága lórí ìjókòó rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń ka ìdajì ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, láìjẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde, ó ń dúró de ìdajì kejì. Bàbá rẹ̀ fọwọ́ kàn án léjìká. "Jókòó dáadáa. Ìwọ ti ṣe tìrẹ." Ọmọ náà pa ẹnu dé.

Ọmọ mi ká kò. A dúró, gbogbo wa dúró, ó sì lọ jókòó.

Wọ́n dá a dúró sí kíláàsì. Tíṣà àgbẹ̀ bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní máàkì kì í parọ́. Mo bẹ ọmọ mi, ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kò padà mọ́. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ló wà báyìí, ó ń ṣe dáadáa níbẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ń yìn ín fún mi. Lọ́jọ́ tí mo lọ wò ó, ohun tí wọ́n kọ sára àpò òwú wà níwájú rẹ̀, n kò gbọ́ kó kà á. Alága pàdé mi ní Fájuyì láìpẹ́ yìí, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní ẹ̀gà ọdún yẹn ti pọ̀ jù.

Ohun tó ṣòfò nìyí. Ìrẹsì àkùrọ̀ kan, gbogbo rẹ̀. Okùn kan. Agolo wọn, àwọn ọmọ kéékèèké ti kó o lọ ṣeré. Òpó irin mi, mo tú u, mo gbé e padà sílé, ìyẹn kò ṣòfò. Ẹgbẹ́ kan tó ní ọmọ márùn-ún. Àti ọmọ kan tó ti ń kàwé.